Níbo Ni Ìdàrọ́ Ń Lọ?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a sọ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Mo rí i pé àwọn àga kan ṣì ṣófo níwájú, àwọn tó ni wọ́n sì wà níta níbi tí wọ́n ti ń dín ẹran. A ó bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè wọ́n.

Ìtumọ̀ díẹ̀

Ẹ̀yin kọ́ ni mo máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Ìwakùsà ni ká wa ohun tó wà nínú ilẹ̀ jáde. Àtúnlò ni ká má jẹ́ kí èyí tí a ti wà jáde ṣègbé. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ dì mú: ìdàrọ́. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́. Èérí tó ń yà kúrò lára irin nígbà tí a bá yọ́ ọ ni. Ó dúdú, ó le, ó sì dá ihò bí àkàrà tó jóná.

Ìjà èmi àti ọ̀rẹ́ mi

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni òun náà. Ó lé ní ogún ọdún tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Òun ní àwọn baba wa kò ba ilẹ̀ jẹ́ rí, pé òyìnbó ló kó ìdọ̀tí wọ̀lú.

Mo gbà á dé ìdajì. Èmi ni mo máa ń fẹ ẹwìrì fún bàbá bàbá mi lágbẹ̀dẹ. Sípíríǹgì lọ́rì ló fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Àdá tó bá jẹ tán á di ọ̀bẹ, ọ̀bẹ tó bá jẹ tán á di ìṣó. Mi ò rí i kó sọ irin nù rí.

Ṣùgbọ́n kí lọ́rì tó dé ńkọ́? Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ilé ìyọ́rin tó rí ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ọ̀kúta ni wọ́n ń wà níbẹ̀, èédú ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ. Igi ni èédú o! Igbó tí ìléru jẹ kò kéré. Irin òyìnbó tó pọ̀ tó sì rọjú ló pa iná ìléru, ẹnikẹ́ni kò pa á nítorí àánú igbó. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé ta ko èyí, mo fèsì, ó tún kọ, mo tún fèsì. Ó jókòó síbí lónìí, ó ń mirí.

Ogún tí mo rí lágbẹ̀dẹ kéré ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ. Ẹ̀yìnkùlé bàbá mi àgbà gan-an ni òkìtì ìdàrọ́ rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ ló máa ń gé. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọ́ ibi tó ń dà á sí.

Bátìrì

Gbogbo yín lẹ mọ oníkòǹdẹ́ẹ̀mù tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ké pé òun ń ra bátìrì, fíríìjì, irin. Ẹ tà á fún un, ẹ gbowó, ẹ ní ẹ ti ṣe àtúnlò. Lóòótọ́ ni. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé yọ tán fi ṣe òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ yọ́: ìwọ̀n 327 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, iná igi lásán ká a. Ibẹ̀ ni ewu wà. Wọ́n á fi àáké la bátìrì, wọ́n á da ásíìdì sí gọ́tà, èéfín á bà lé ẹ̀fọ́, ọmọdé á fọwọ́ kan ilẹ̀, á ki ọwọ́ bọ ẹnu. Òjé kì í ṣe oró ejò tí í pani lójijì. Ọpọlọ ọmọ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, olùkọ́ á sì máa na ọmọ náà pé olódo ni.

Ní Kúmápàyí, lápá Olódò níhìn-ín ní Ìbàdàn, wọ́n da ìdàrọ́ òjé bátìrì sílẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti ṣèwádìí lórí ilẹ̀ náà. Ní Ògijó, ìpínlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi òjé hàn lára àwọn olùgbé, ìjọba sì ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé pa ní 2025. Àtúnlò náà ni wọ́n ń ṣe o.

Ìwakùsà

Alága ti fi ìwé ránṣẹ́ pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní Zamfara, ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú, nítorí àárín ilé ni wọ́n ti ń lọ ọ̀kúta wúrà tó ní òjé nínú. Àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀. Lórí ìbúgbàù tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, níhìn-ín ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ, 2024, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé. Inú ìgbẹ́ ni kòtò wà, àárín ìlú ni ilé ti wó. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí awakùsà bá ará ìlú ṣàdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ kà á.

Kí ni ká ṣe?

Mẹ́ta ni mo kọ wá. Ẹyọ kan ni mo máa rí sọ. Bí oníkòǹdẹ́ẹ̀mù bá dé lọ́la, kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ bi í pé: níbo lò ń gbé e lọ? Ó lè má mọ̀. Ẹ bi ẹni tó ta bátìrì tuntun fún yín, ẹ bi àjọ NESREA tó ń ṣọ́ àyíká wa. Bàbá mi àgbà kò dúró dìgbà tí wọ́n bi í. Ó ń rí ìdàrọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń rí i lálẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣa ọ̀rá píọ̀-wọ́tà abẹ́ àga yín kí ẹ tó jáde. Odò Ògùnpa kò jìnnà síbí, àwa tí a rí omíyalé rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, 1980, kò sì tíì kú tán.