Ẹ̀yáwó fún Ọmọ tí Ó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Jígí Ojú

Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù agbègbè Japara sọ

   

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ẹ̀yáwó kan ni ó fa ọ̀rọ̀ wa ti òní. Ìyá kan nínú ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ wa fẹ́ yá owó kí ọmọbìnrin rẹ̀ lè lọ kọ́ iṣẹ́ optician, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe jígí ojú. Ìgbìmọ̀ gbé ìwé náà yẹ̀ wò títí, ni ẹnì kan bá ní, ‘Ṣé iṣẹ́ àwọn tí ń kiri jígí lọ́jọ́ ọjà ni a ó máa fi owó ẹgbẹ́ kọ́ ni?’ Wọ́n ní kí àwa lọ wádìí rẹ̀ wá. Ohun tí a rí ni a kó wá síwájú yín yìí.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà kan, a lọ yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ kan wò. Iye tó wà nínú ìwé akápò kò bá ti akọ̀wé mu lójú wa. A bá àwọn méjèèjì wí, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ọmọ kékeré kan tó gbé omi wá fún wa ni ó yọjú sí ìwé náà tó sì kà á sókè. 8 ni akápò kọ, àwa ni a ń pè é ní 3. Ojú tì wá lọ́jọ́ náà ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. A ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ojú wa rí igi ọ̀pẹ tó wà ní òdìkejì odò kedere, ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ wa, àfi kí a nà án jìnnà sí ara wa bí ẹni pé aládùúgbò ni a ń kà á fún.

Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Nínú ẹyinjú ènìyàn ni lẹ́ńsì kan wà tí ó máa ń rọ̀ nígbà èwe, tí ó ń yí ara padà láti wo òkèèrè àti ìtòsí. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni ó ń le sí i. Tí a bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún sókè, kò ní lè yí ara padà tó fún ohun tó wà nítòsí mọ́. Kò sí ẹni tí kì í dé bá. Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣe fún wa: aránṣọ tí òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, apẹja tí ń tún àwọ̀n ṣe ní Iwopin, ìyá tí ń ṣa ẹ̀ṣẹ́ gàrí, ẹni tí ń ka ìwọ̀n lára pákó níbi tí a ti ń la igi.

Ní ọdún 2018, àwọn oníwàádìí tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn tí ń já ewé tíì ní Assam, ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹni ogójì ọdún sókè. Wọ́n fún àwọn kan ní jígí ìwòsí, wọn kò tíì fún àwọn yòókù. Ìbísí tó bá iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tó gba jígí fi nǹkan bí ìdá 21.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìbísí ti àwọn tí kò gbà lọ. Oko kan náà, ọwọ́ kan náà, jígí nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹni tó bá ń ṣa kòkó lè fi ìyẹn ṣírò ti ara rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ìwádìí ńlá kan wáyé láàárín ọdún 2005 sí 2007 lórí àwọn tó ti pé ogójì ọdún. Ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó fọ́jú, ìpẹ́ ojú sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ìríran wọn ti dínkù láìtíì fọ́, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé jígí tó tọ́ ni wọn kò rí lò.

Wàyí o, ta ni ń ṣe kí ni? Oríṣi òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni a ń pè ní ‘dókítà ojú’ láìbìkítà. Èkíní ni dókítà ojú gan-an, irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Ṣàgámù, tí wọ́n kọ́ ìṣègùn tán kí wọ́n tó kọ́ ti ojú, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Èkejì ni optometrist. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní yunifásítì, ní Benin, ní Ìlọrin, ní ti ìpínlẹ̀ Abia àti àwọn mìíràn. Wọ́n ń yẹ ojú wò, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà jígí. Ẹ̀kẹta ni optician tí ọmọ yìí fẹ́ dà, ẹni tí ń gba nọ́ńbà náà tí ń sọ ọ́ di jígí tí ènìyàn lè wọ̀. Ẹni tí ń kiri lọ́jà kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ẹ̀kẹta yìí kéré. A jókòó ti ọ̀kan nínú wọn fún ọ̀sán kan gbáko. Ó fi rúlà wọn àárín ẹyinjú wa méjèèjì, ó wọ̀n ọ́n ní mìlímítà. Ó ní bí àárín lẹ́ńsì kò bá kọjú sí àárín ẹyinjú, lẹ́ńsì náà yóò máa tẹ ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ojú yóò máa bá a jà, orí yóò sì fọ́. Ó kọ́ wa pé lẹ́ńsì +1.00 ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sójú kan ní mítà kan sí ara rẹ̀, +2.00 ń kó o jọ ní ìdajì mítà. Bí ojú ènìyàn kò bá rí bìrìkìtì dáadáa, lẹ́ńsì rẹ̀ ní ìhà tí ó gbọ́dọ̀ kọ sí. Bí ó bá yí díẹ̀ péré nínú férémù, ìwé yóò máa wọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tí ń ka agbára lẹ́ńsì, ó ní òmíràn tí ń lọ̀ ọ́ kí ó bá férémù mu. Ó fi ooru tẹ apá jígí kí ó má baà gé wa létí. Ó tún bi wá léèrè iṣẹ́ tí à ń ṣe, nítorí ẹni tí ń la pákó nílò lẹ́ńsì tí kì í fọ́ sínú ojú, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé kò nílò rẹ̀.

Jígí ọjà tí a ń rà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni ó wà ní ojú méjèèjì, ojú wa kò sì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. A kò bú jígí ọjà o. Ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tí ìtòsí nìkan ń yọ lẹ́nu, lè rí i lò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò ná, torí àrùn kan wà tí ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá láìdunni, tí jígí kankan kò lè dá dúró.

Òfin ti wà lórí iṣẹ́ yìí láti ọdún 1989, Decree 34 ti ọdún náà. Òun ni ó dá Optometrists and Dispensing Opticians Registration Board of Nigeria sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé Bọ́ọ̀dù yìí kò ní àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ náà, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó. Níbí ni owó ẹgbẹ́ ti lè ṣòfò. A mọ ẹgbẹ́ kan tó yá bàbá kan lówó fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ náà gba owó ọdún méjì, ó fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí aláràbarà. Nígbà tí ọmọ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, Bọ́ọ̀dù kò mọ ilé ẹ̀kọ́ náà rí. Àwọn onídùúró méjì ni ó san ìyókù gbèsè, ọ̀kan nínú wọn ta ìpín oko rẹ̀. Àwa gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. A ṣírò èlé, a wo iye ìfowópamọ́, a ní ó dára. A kò béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ohun tí a sọ fún ìgbìmọ̀ lórí ti ìyá yìí nìyí. Kí wọ́n wo èsì ìdánwò ọmọ: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì. Kí ó mú ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ Bọ́ọ̀dù pé wọ́n fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà fún iṣẹ́ yìí gan-an. Kí a má ko owó lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí a máa san án fún ilé ẹ̀kọ́ ní ọdọọdún, lẹ́yìn tí a bá rí èsì ọdún tó kọjá. Owó ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ kò sí nínú ẹ̀yáwó yìí. Kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀.

Àwọn kan ní kí ọmọ náà tọwọ́ bọ̀wé pé Japara ni yóò padà sí. A kò fara mọ́ ọn. Gbèsè ni ẹgbẹ́ ní lọ́rùn wọn, ẹgbẹ́ kò ni ọmọ. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ lọ sí ìlú Ọba, ibodè wà níbẹ̀ pẹ̀lú: láti ìgbà Opticians Act ti 1958 ni wọ́n ti ní General Optical Council tiwọn, ìwé ẹ̀rí ilé nìkan kò sì tó láti fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kí ìyá rẹ̀ mọ ìyẹn láti ìsinsìnyí.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Onídùúró ti pé méjì, ìfowópamọ́ ìyá náà tó, èsì ìdánwò ọmọ dára. Ẹ̀rí Bọ́ọ̀dù ni ó kù. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà lọ béèrè, ẹ̀dà rẹ̀ sì nìyí lọ́wọ́ wa. Jígí wa tuntun ni a fi kà á. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ nawọ́ sókè.