Omi Iyọ̀ Ọdún 2014



Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kan gbogbo Nàìjíríà lóru ọjọ́ kan: kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn òbí jí ọmọ lójú oorun. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ènìyàn 2 kú ní Jos nítorí iyọ̀ náà.

Àwọn tí ó mu ún kì í ṣe òmùgọ̀. Ìfẹ́ ọmọ àti ìbẹ̀rù ni.

Lónìí, ọ̀dọ́ tí ó ń lọ sí oko kòkó ní Ajue ti gbọ́ ti ogun, ti ìjínigbé àti ti àrùn kí ó tó kírun Subhi. Àyà rẹ̀ ń já títí di alẹ́. Suratul-Hujuraat, áyà 6, pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn. Ẹni tí yóò bá wádìí ní tòótọ́ kò lè gba igba ìròyìn lóòjọ́. Nítorí náà, kí fóònù dúró títí a ó fi ṣe àsíkìrì òwúrọ̀ tán. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé, kí á bi ẹni tí ó fi ránṣẹ́ pé: ta ni ó sọ fún ọ? Bí kò bá rí ẹnì kan dárúkọ, kí á má ṣe fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.