Ìwé Ilé Bàbá Wa

 

Lónìí, a máa sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò àtijọ́ tí a ń gbé ní Lomé. Ẹ ka orúkọ yìí pẹ̀lú mi: A-na-go-ko-mé. Ànàgó ni àwọn Ewé máa ń pe àwa Yorùbá. "Komé" ní èdè wọn, àdúgbò ni. Àdúgbò àwọn Ànàgó nìyẹn. Ẹ rí i? Ẹni tó bá mọ̀wé kà, orúkọ àdúgbò á máa bá a sọ̀rọ̀.

Lomé ńkọ́? Àwọn àgbà sọ pé igi alo pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, igi tí wọ́n fi ń ṣe orín. "Alotimé", àárín igi alo, ló di Lomé. Ní 1897, àwọn Jámánì sọ ọ́ di olú-ìlú. Ní 1902, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì tó wà nítòsí ọjà. Òwò ló kó àwọn bàbá wa wá síbẹ̀. Wọ́n tajà, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ.

A mọ bí a ṣe ń gbé nínú agboolé àtijọ́. Ẹnu ọ̀nà kan, kànga kan, ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ọmọ Ewé bá ń sunkún, ìyá Yorùbá á gbé e pọ̀n. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó sún mọ́ ọjà ti wọ́n gan-an, àwọn olówó sì ń wá a kiri.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa. Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá rẹ̀ mú ìwé wá, ó ní: "Tẹ ìka síbí. Ọ̀rọ̀ owó iná ni."

Ìyá yìí ò tíì mọ̀wé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí orúkọ bàbá rẹ̀. Ó tún rí ọ̀rọ̀ kan tí a ti kọ sójú pátákó: "vente". Títà ni. Àyà rẹ̀ já. Ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí ìwé yìí sùn sọ́dọ̀ mi di ọ̀la."

Bàbá náà já ìwé gbà, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí dòní, kì í jẹ́ kíkí ìyá yìí. Ó dun ìyá náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹbí ṣì ń sùn nínú ilé náà.

Ẹ̀yin ará, àdúgbò àtijọ́ lè kúrò lójú ẹni. Àárín ìlú ni Zongo wà tẹ́lẹ̀. Ní 1977, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Togblékopé, lẹ́yìn ìlú. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀.

Kí ni ká ṣe?

Èkíní: ẹ má tẹ ìka sí ìwé tí ẹ ò tíì kà. Bí ó bá le jù, ẹ mú un wá sí kíláàsì.

Èkejì: ẹ béèrè bóyá ilẹ̀ yín ní ìwé tí wọ́n ń pè ní "titre foncier". Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ orúkọ bàbá àgbà tó ti kú, kí ẹbí péjọ, kí wọ́n lọ béèrè ohun tí òfin sọ. Òfin ilẹ̀ tuntun ti wà ní Tógò láti 2018.

Ẹ̀kẹta: ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé sínú ìwé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn bàbá wa fi ọwọ́ kọ́lé. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká fi ojú tó ń kàwé ṣọ́ ọ.

Ó dìgbà o.