Ẹ Dá Sálámà Rẹ̀ Lóhùn

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn ní Maikunkele, ẹni tí wọ́n bá yọ gògóńgò rẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ, ihò ọrùn ni yóò máa fi mí. Ní ọdún 1873, Billroth ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Vienna, wọ́n sì ṣe ohùn àtọwọ́dá fún aláìsàn náà. Ti òde òní jẹ́ ẹ̀rọ oníbátìrì tí à ń fi ti ọrùn. Ó ń gbọ̀n, ahọ́n àti ètè sì ń sọ ìró rẹ̀ di ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń fi ìró náà rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà sì wà nínú wọn! Bí ó bá fi í kí yín ní sálámà, dandan ni kí ẹ dá a lóhùn. Nínú ìrun, kí ó fi ahọ́n àti ètè ka Fátíhà láìtan ẹ̀rọ, ó tó. Níbi àlùwàlá, ẹ ràn án lọ́wọ́, kí omi má baà gba ihò náà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.