ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE
Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún òṣìṣẹ́ tí ó ń gbèrò àtilọ sí Kánádà



Ẹgbẹ́ wa kò lé ẹnikẹ́ni lọ sókè òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ọmọ ẹgbẹ́ kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún alárinà tí ó ní òun ń ta máàkì. Máàkì kì í ṣe ọjà.

Láti ọdún 1967 ni Kánádà ti ń fi máàkì yan òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ wá gbé ibẹ̀. Nínú ètò tí ó wà fún àwọn tí ó mọṣẹ́, 100 ni gbogbo máàkì. Ẹni tí kò bá ní 67 kò yege. Báyìí ni wọ́n pín in: èdè, 28, ẹ̀kọ́, 25, ìrírí iṣẹ́, 15, ọjọ́ orí, 12, iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ibẹ̀ ti fi lọni, 10, àwọn ohun tí yóò mú kí ìlú náà tètè mọ́ni lára, 10.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 38 ṣe àpẹẹrẹ. Oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, lẹ́yìn tí àjọ tí Kánádà fọwọ́ sí ti yẹ̀ ẹ́ wò, fún un ní 21. Ìrírí ọdún mẹ́fà fún un ní 15. Ọjọ́ orí fún un ní 9, nítorí pé lẹ́yìn ọdún 35, máàkì kan ń dín lọ́dọọdún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45. Bí ó bá gba ìpele 7 lórí òṣùwọ̀n Kánádà nínú sísọ, gbígbọ́, kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì, yóò fi 16 kún un: 61, ó kùnà. Bí ó bá gba ìpele 9, yóò fi 24 kún un: 69, ó yege. Ìwé kíkà ni ó mú ìyàtọ̀ náà wá, kì í ṣe owó alárinà.

Ṣùgbọ́n 67 kì í ṣe ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Láti oṣù Kìíní ọdún 2015 ni wọ́n ti tún ń fi òṣùwọ̀n mìíràn to àwọn tí ó yege, kí wọ́n tó pe àwọn tí ó wà lókè. Nọ́ọ̀sì náà sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí ó bá ń gbé, kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹgbẹ́ gan-an ni ìwé ẹ̀rí iṣẹ́. Ìrírí tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní máàkì. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ipò òṣìṣẹ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an, iye wákàtí rẹ̀ lọ́sẹ̀, owó oṣù rẹ̀ àti ìgbà tí ó fi ṣiṣẹ́. Ìwé tí ó kàn sọ pé “ó bá wa ṣiṣẹ́” kò tó. Ẹ má dúró dìgbà tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé kí ẹ tó béèrè. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹ̀ka bá yín béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò lọ síbì kan pàápàá yóò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéga àti lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì.

Ẹ má sì ṣe ra ayédèrú ìwé. Ẹni tí a bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́, ọdún márùn-ún ni Kánádà yóò fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ yẹ àpótí ìwé yín wò.