Ta Ni Òǹtẹ̀ Náà Wà Fún? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Ẹ̀kọ́ Yíya Àwòrán Ilé

Bí òbí bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò ti kọ́ṣẹ́ ayàwòrán ilé, ohun tó sábà máa ń bèèrè ni pé ṣé wọ́n fọwọ́ sí ibẹ̀, kí ìwé ẹ̀rí ọmọ náà lè ríṣẹ́ ṣe. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí ìfọwọ́sí. Ẹni tí òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí yẹn wà fún kò sí nínú kíláàsì rárá. Òun ni ẹni tí yóò máa gbé inú ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá yà lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí mo wá sọ ni pé bí a bá gbà pé ti ẹni náà ni òǹtẹ̀, ó di dandan ká gbà pẹ̀lú pé ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá kọ́ ọmọ ní oòrùn, òjò, ilẹ̀ àti ìgbé ayé ibi tí ẹni náà ń gbé kò tíì yẹ fún un, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹ wo ìdí tí òfin fi dá sí iṣẹ́ yìí ná. Aṣọ tí télọ̀ bá rán tí kò bá wa mu, a lè tú u, ká tún un rán. Ilé kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba yàrá lókè kẹta kò lè rí irin tó wà nínú òpó, kò sì lè mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn yóò gba gbogbo ará ilé lọ́jọ́ tí iná bá sọ. Ó ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò rí rí. Nítorí irú rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 1897 pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè ṣiṣẹ́ ayàwòrán ilé, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣòfin ìforúkọsílẹ̀ tiwọn ní 1931. Ní Nàìjíríà, àwọn ayàwòrán ilé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1960. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ ARCON, tó ń forúkọ ayàwòrán ilé sílẹ̀, dé ní 1969. Lónìí, yàtọ̀ sí àjọ NUC tó ń wo gbogbo yunifásítì, ìgbìmọ̀ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fúnra wọn ní láti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí. Ọdún mẹ́rin ni oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ọdún méjì ni èkejì. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó ti forúkọ sílẹ̀, kí ìdánwò ìkẹyìn tó dé.

Kí ni wọ́n ń kọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Sítúdíò ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, á dúró níwájú àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kan á fi ìka tọ́ ibi tí àtẹ̀gùn ti yí: bí èèyàn méjì bá gbé aláìsàn bọ̀ láti òkè, ṣé wọ́n á lè yí ní kọ̀rọ̀ yìí? Òmíràn á bèèrè ibi tí omi òjò tó ń ṣàn láti orí páànù yóò gbà jáde, àti bóyá ẹni tó ń dáná yóò máa fa èéfín símú. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi ẹwà àwòrán dáhùn èyí. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn aṣojú àjọ NAAB bá lọ yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, ó jẹ́ àṣà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti máa bèèrè iṣẹ́ ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yege pẹ̀lú iṣẹ́ ẹni tó gbẹ́yẹ. Mo fara mọ́ àṣà yẹn gan-an, torí ẹni tó rá pálá yege náà yóò kọ́ ilé fún èèyàn.

Àmọ́ òǹtẹ̀ lè pé, kí ẹ̀kọ́ má pé. Adédòkun Adéyẹmí, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Manchester, rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò bá ilẹ̀ tí òun máa padà sí mu. Kò pa á mọ́nú. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tó bí àpérò lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ṣe ní University College London ní 1953. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ẹ̀kọ́ Architectural Association ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe lórí rẹ̀, Maxwell Fry sì ṣe olórí rẹ̀. Ẹ ronú sí i: ilé ẹ̀kọ́ tó lórúkọ, ní ilẹ̀ tó ti ń forúkọ ayàwòrán ilé sílẹ̀ láti ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi hàn wọ́n pé ẹni tí òun máa kọ́lé fún kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kà.

Ilé tó dáhùn ìbéèrè Adéyẹmí kò jìnnà sí wa. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew yà, ẹ wo ògiri oníhò lára ilé ìkàwé, bí ó ṣe ń gba atẹ́gùn wọlé tó sì ń dá oòrùn dúró. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon ya àwọn ilé tí àjà òkè kọ̀ọ̀kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, tí òkè fi ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, tí òjò kò sì ráyè já lu fèrèsé tààrà. Àlejò ló ṣe wọ́n, síbẹ̀ wọ́n wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó fa ìlà. Ó dùn mí pé lẹ́yìn irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé onígíláàsì tí ara rẹ̀ kò ní ihò, tí kò ṣeé gbé bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, ló kún ojú títì wa.

Ẹnìkan á sọ pé àwọn kan lára àwọn tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí kò lọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Tadao Ando, ayàwòrán ilé ní Japan, ló kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Demas Nwoko, tó ya ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, tí ìpàtẹ iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní Venice fi àmì ẹ̀yẹ ńlá dá lọ́lá ní 2023, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria. Ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ sí Èkó tún wà ńbẹ̀: ìyàrá ìkàwé kọ́ ni João Baptista da Costa, tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọ̀nyí ń gbè mí lẹ́sẹ̀ ni. Nwoko ń po amọ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì, ó ń wá bí ilé yóò ṣe máa mí láìsí ẹ̀rọ. Ohun tí mo ní kí ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ni gan-an nìyẹn. Ní ti Àgùdà, ọmọṣẹ́ kì í dá dúró títí ọ̀gá á fi dá a sílẹ̀, ojú gbogbo àdúgbò sì ń wo ọ̀gá. Ìfọwọ́sí ni ìyẹn náà. Ní ìlú tí èèyàn ti pọ̀ débi pé onílé kò mọ ọ̀gá ẹni tó ń kọ́lé fún un, ìwé ló kù tó lè jẹ́rìí.

Àtakò kejì le ju èyí lọ: ìgbìmọ̀ wà, ilé sì ń wó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, 2014, ilé àlejò olókè kan wó ní Ìkọ̀tún, Èkó. Èèyàn 116 kú. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé ìgbékalẹ̀ ilé náà ni kò lágbára, àti pé wọn kò gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ẹnjiníà ló ń ṣírò agbára òpó, n kò ní purọ́ pé ayàwòrán ilé nìkan lè dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ilé tó kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa mọ ibi tí ìmọ̀ òun parí sí, ó sì ń pe ẹnjiníà kí bíríkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Níbi tí a ti fo gbogbo ìpele wọ̀nyí, òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò ráyè ṣiṣẹ́ kankan.

Owó àti àkókò ńkọ́? Mo gbà pé ọ̀nà náà gùn jù fún ọmọ tálákà. Àjọ ARB, tó ń forúkọ ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlànà tiwọn tò láti 2023, àwa náà lè ka iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe lábẹ́ ọ̀gá mọ́ ọdún ẹ̀kọ́. Ohun tí a kò lè dín kù ni ìdánwò bóyá ó tó gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò fi ohun kan kún ohun tí wọ́n ń bèèrè. Kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ wọn agbo ilé gidi kan nínú ìlú, kó ya agbàlá rẹ̀, kànga rẹ̀, ibi tí omi ń gbà, àti ibi tí ìyá àgbà ń jókòó sí lọ́sàn-án, kó tó ya ilé tuntun kankan sórí ilẹ̀ náà. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ bèèrè ìwé ẹni tó rá pálá yege.