Ósóònù Tó Lu Kọ́ Ló Ń Mú Ayé Gbóná

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì léèrè ohun tó fa ìyípadà ojú ọjọ́, èsì tó sábà máa ń yá lẹ́nu wọn ni pé ósóònù ló lu. Kì í ṣe tiwa nìkan o. Àwọn olùwádìí ti bá àṣìmọ̀ yìí pàdé lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Gáàsì ósóònù ń bẹ lókè réré, ó ń dènà ìtànṣán oòrùn tó lè ba awọ ara àti ojú wa jẹ́. Kẹ́míkà inú fíríìjì àtijọ́ ló ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Montreal láti pa kẹ́míkà wọ̀nyẹn tì, ibi tó lu sì ti ń dí bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti ooru ayé. Epo, gáàsì àti èédú tí à ń jó ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì sáfẹ́fẹ́, gáàsì yìí ló ń há ooru mọ́ wa lórí bí ẹni fi kúbùsù bora lọ́sàn-án gangan. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń dún lẹ́yìn fèrèsé họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ìdánwò. Lítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo tó bá jó tán nínú rẹ̀, gáàsì tó lé ní kílò méjì ló tú jáde. Èéfín á pòórá lójú wa, àmọ́ apá kan nínú gáàsì náà á wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹni tó ń bínú sí ósóònù kò ní wo jẹnẹrétọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

N kò gbà pé àwọn ọmọ wa kò bìkítà; àlàyé tó tọ́ ni wọn kò tíì gbọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn, ó wọ ọgbà yunifásítì ibẹ̀ pàápàá. Ọ̀pọ̀ á ní ìdọ̀tí inú gọ́tà ló fà á, òótọ́ sì ni pé gọ́tà dí. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì kan gbóná sí i, omi tó lè gbé dání á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tú omi náà sílẹ̀ bí òjò, gọ́tà tó mọ́ pàápàá lè má gbà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àlàyé yìí sínú GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ti ìṣirò owó náà gbọ́ ọ kí wọ́n tó gboyè.